Ẹrù Ooru àti Owó Iná: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ̀rọ Amúlétutù fún Àwọn Onílé ní Addo

Ìlú Addo, ní agbègbè Ajah ní Etí-Ọ̀sà, wà láàrín omi méjì. Ọ̀sà ni ó wà ní àríwá rẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì sì wà ní gúúsù. Nítorí èyí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún ọ̀rinrin ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ooru ọ̀sán a máa tó nǹkan bí dígírì 33, òru pàápàá kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ amúlétutù kò fi jẹ́ ohun afẹ́ lásán mọ́ lójú ọ̀pọ̀ ìdílé láti Badore títí dé Langbasa. Ọmọ tí kò rí oorun sùn kò lè fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò le kò sì yẹ kí ó máa làágùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó iná ti lọ sókè ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ onílé ni ó ń rí i pé yúnìtì tí wọ́n rà sínú mítà kì í pẹ́ kí ó tó tán. Owó tí ìbá ra oúnjẹ tàbí tí ìbá san owó ilé-ìwé ni ó ń bá ẹ̀rọ náà lọ. Àwọn kan ti pa á tì pátápátá, àwọn mìíràn sì ń lò ó pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣàlàyé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, bí onílé ti lè ṣírò iye tí ó ń ná, àti ọ̀nà tí ìnáwó náà lè gbà dínkù láìjẹ́ pé ìdílé padà sínú ooru.

Ẹ̀rọ náà kì í dá òtútù sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ amúlétutù a máa ṣe òtútù jáde bí ìgbà tí iná ṣe ń ṣe ìmọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru tí ó wà nínú yàrá ni ó ń kó, tí ó sì ń gbé lọ dà síta.

Ẹni tí ó bá ti mu omi àmù rí mọ̀ pé ó a máa tutù ju omi inú ike lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé amọ̀ a máa jẹ́ kí omi díẹ̀ yọ sí ara àmù. Bí omi náà ti ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, ó ń gbé ooru kúrò lára àmù. Ọgbọ́n yìí kan náà ni olùkọ́ kan ní ìhà àríwá Nàìjíríà, Mohammed Bah Abba, lò ní ọdún 1995, nígbà tí ó fi ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, tí ó sì fi iyanrìn tútù sáàrín wọn kí ewébẹ̀ àti èso má baà tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex nítorí iṣẹ́ náà. Òkè ọya ni irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáradára, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Ní etí ọ̀sà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, omi kì í tètè gbẹ, agbára ọgbọ́n náà a sì dínkù.

Ẹ̀rọ amúlétutù ń lo ọgbọ́n àmù yìí, ṣùgbọ́n inú páìpù tí a dí pa ni ó ti ń lò ó. Gáàsì kan wà nínú páìpù náà tí ó lè di omi, tí ó sì tún lè padà di gáàsì. Nínú apá tí ó wà nínú yàrá, omi gáàsì yìí ń gbẹ, ó sì ń fa ooru yàrá mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, tí í ṣe ọkàn ẹ̀rọ náà, yóò fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Nígbà tí ó bá dé apá tí ó wà níta, yóò tú ooru náà sílẹ̀, yóò tún di omi, yóò sì padà sínú yàrá láti kó òmíràn. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí iwájú apá tí ó wà níta yóò rí i pé atẹ́gùn gbígbóná ni ó ń fẹ́ jáde. Ooru yàrá nìyẹn, pẹ̀lú ooru iná tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fìríìjì ń ṣe: ẹ̀yìn rẹ̀ a máa gbóná nítorí pé ooru inú rẹ̀ ni ó ń dà síbẹ̀.

Alábàárù tí ń gba owó ọ̀yà

A lè fi ẹ̀rọ yìí wé alábàárù ọjà. Alábàárù kì í dá ẹrù sílẹ̀. Ó ń gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. Ohun méjì ni ó ń sọ iye owó rẹ̀: bí ẹrù ti wúwo tó, àti bí òkè tí yóò gùn ti ga tó. Ooru tí ó wọ yàrá ni ẹrù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín ooru ìta àti ìwọ̀n òtútù tí onílé ń fẹ́ ni òkè náà. Iná tí ó ń lọ nínú mítà ni owó ọ̀yà.

Ọ̀yà náà kò pọ̀ bí ènìyàn ti lè rò, bí ẹ̀rọ bá dára. Ẹ̀rọ họ́ọ̀sì kan lè kó ooru tí ó tó kílówáàtì 2.6 jáde nínú yàrá, kí ó sì lo iná bíi kílówáàtì 0.85 láti fi ṣe é. Èyí ni pé ìwọ̀n iná kan ń gbé ìwọ̀n ooru mẹ́ta. Irin tí a ń tì bọ omi láti fi sè é kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n iná kan kò lè fún un ju ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo lọ. Ó ń dá ooru sílẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń gbé èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Britain kan, William Thomson, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lord Kelvin, ti ṣàlàyé ní ọdún 1852 pé irú ẹ̀rọ báyìí lè mú ilé móoru. Ní ìlú òyìnbó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn: wọ́n yí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà padà, ó sì ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ tútù ìta wọ inú ilé ní ìgbà òtútù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba Britain gbé owó ìrànwọ́ tí ó ń fún onílé ní England àti Wales láti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé £7,500. Ará Addo tí ń sá fún ooru àti ìbátan rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń sá fún òtútù, alábàárù kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Ìmọ̀ràn kan náà ni ó sì yẹ wọ́n: kí wọ́n dín ẹrù kù kí wọ́n tó pe alábàárù.

Ohun tí ń mú ẹrù wúwo

Èkíní ni òrùlé. Páànù tí oòrùn ti sun láti àárọ̀ a máa da ooru sínú yàrá títí di alẹ́, pàápàá bí àjà kò bá sí tàbí bí ó bá ti ya. Òrùlé tí a kùn ní ọ̀dà funfun a máa dá ọ̀pọ̀ ooru oòrùn padà.

Èkejì ni fèrèsé. Fèrèsé tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn a máa gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé. Igi tí a gbìn síta tàbí ìbòrí tí a ṣe lókè fèrèsé sàn ju kọ́tìnì nìkan lọ, nítorí pé ó ń dá oòrùn dúró kí ó tó kan gíláàsì. Fèrèsé lúfà kì í dí dáradára. Ẹni tí ó bá tan ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá tí ihò wà káàkiri rẹ̀ dà bí ẹni tí ń fi agbọ̀n pọn omi.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rinrin, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Omi tí ń kán láti inú páìpù ẹ̀yìn ilé kì í ṣe omi tí ẹ̀rọ náà mú wá. Inú afẹ́fẹ́ yàrá ni ó ti fà á jáde. Láti sọ ọ̀rinrin di lítà omi kan, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kó ooru tí ó tó nǹkan bí yúnìtì 0.7 jáde. Ẹ̀rọ tí ń gbé mẹ́ta fún ọ̀kan yóò ná ju yúnìtì 0.2 lọ lórí lítà kan ṣoṣo náà. Ẹni tí ó bá ń sá aṣọ tútù sínú yàrá, tàbí tí ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ ń hó, ń fi ẹrù kún ẹrù. Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ni ó tilẹ̀ bí ẹ̀rọ yìí. Ní ọdún 1902, Willis Carrier ṣe ètò ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọ̀rinrin ń mú kí ìwé máa fẹ̀ kí ó sì máa súnkì, iṣẹ́ wọn sì ń bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni nọ́ńbà tí onílé tẹ̀ lórí rìmóòtù. Ẹni tí ó tẹ dígírì 18 kò mú kí yàrá tètè tutù ju ẹni tí ó tẹ 25 lọ bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti àtijọ́. Ó kàn sọ òkè di gíga ni. Ní ọdún 2005, ìjọba Japan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn òṣìṣẹ́ láti fi ẹ̀rọ ọ́fíìsì sí dígírì 28 kí wọ́n sì bọ́ táì ọrùn wọn. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìjọba India pa á láṣẹ pé kí ẹ̀rọ amúlétutù tuntun ti inú yàrá máa bẹ̀rẹ̀ láti dígírì 24 nígbà tí a bá tan án. Ìṣirò àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ ni pé dígírì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi sókè a máa dín iná kù ní nǹkan bí ìdá 6 nínú 100.

Ìṣirò tí onílé lè ṣe

Yúnìtì kan ni iná tí ohun èlò wáàtì 1,000 ń lò ní wákàtí kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúnìtì kan láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún àwọn oníbàárà Band A, èyíinì ni àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́. Ní oṣù karùn-ún ó sọ̀kalẹ̀ sí ₦206.80, ní oṣù keje ọdún kan náà ó sì di ₦209.50. Iye ìkẹyìn yìí ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, láìka owó orí ọjà mọ́ ọn. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá yàtọ̀, kí ó fi èyí tí ó wà lórí rìsíìtì rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Kí a wí pé ẹ̀rọ họ́ọ̀sì kan ti àtijọ́ ń lo wáàtì 850, tí ìdílé kan sì tan án fún wákàtí 8 lóru. Bí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 nínú rẹ̀, yúnìtì 5.1 ni ó lò. Èyí jẹ́ nǹkan bí ₦1,068 lóru kan, àti nǹkan bí ₦32,000 ní ọgbọ̀n òru.

Ẹ̀rọ irú kejì wà tí wọ́n ń pè ní inverter. Kí onílé má ṣe pa á pọ̀ mọ́ inverter tí ń lo bátìrì. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ti àtijọ́ kò mọ̀ ju kí ó sáré tán tàbí kí ó dúró lọ. Ti inverter a máa rọra rìn nígbà tí yàrá bá ti tutù. Bí irú rẹ̀ bá lo wáàtì 400 ní ìpíndọ́gba fún wákàtí 8, yúnìtì 3.2 ni, èyíinì ni nǹkan bí ₦670 lóru kan àti ₦20,100 lóṣù. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì sún mọ́ ₦12,000 lóṣù. Bí ẹ̀rọ inverter bá fi ₦100,000 wọ́n ju èkejì lọ, owó náà yóò padà sápò onílé kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Ẹni tí ó bá wo iye ọjà nìkan kò tíì mọ iye tí ẹ̀rọ náà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fáànù òkè tí ń lo wáàtì 70 kò lò ju yúnìtì 0.56 lọ ní wákàtí 8. Iye rẹ̀ kò ju ₦120 lọ lóru kan. Fáànù kì í mú yàrá tutù, ṣùgbọ́n ó ń mú kí òógùn tètè gbẹ lára. Nítorí náà, ìdílé tí ó bá tan fáànù lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù láti dígírì 21 sí 25, kí ara wọn sì balẹ̀ bákan náà. Bí ìṣirò àwọn ará India bá bá ilé wọn mu, nǹkan bí ₦7,000 ni yóò kúrò nínú ₦32,000 àkọ́kọ́ yẹn lóṣù. Fáànù yóò gba nǹkan bí ₦3,500 níbẹ̀, èyí tí ó kù yóò sì jẹ́ èrè.

Nígbà tí a bá fẹ́ ra ẹ̀rọ

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀rọ họ́ọ̀sì kan tó fún yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn àti 12 ní ìbú, bí àjà àti fèrèsé rẹ̀ bá dára. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ ńlá sínú yàrá kékeré yóò rí i pé yàrá tètè tutù, ẹ̀rọ sì tètè dúró kí ó tó fa ọ̀rinrin jáde. Ara yóò tutù, ṣùgbọ́n yàrá yóò máa rin.

Ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ a máa pọ́n ojú olówó kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rẹ̀, gáàsì àtijọ́ ni ó sì wà nínú òmíràn, irú èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò láti mú kúrò nílẹ̀ nítorí ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe sí òfuurufú. Kí olùrà béèrè iye wáàtì tí ẹ̀rọ ń jẹ àti iye ooru tí ó ń kó, kí ó sì fi èkíní pín èkejì. Bí iye tí ó jáde bá ti pọ̀ tó ni ọ̀yà alábàárù náà ṣe kéré tó.

Ìtọ́jú rẹ̀

Asẹ́ tí ó wà nínú apá inú yàrá gbọ́dọ̀ di fífọ̀ ní oṣooṣù ó kéré tán; bí eruku bá dí i, ẹ̀rọ kò ní lè mí. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti inú òkun a máa jẹ páìpù àti irin apá tí ó wà níta. Kí a pa iná rẹ̀, kí a sì máa fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án jẹ́jẹ́. Kí a má ṣe há a mọ́ kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn kò sí, nítorí pé yóò máa tún ooru tí ó tú sílẹ̀ fà padà.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ni ó yẹ kí onílé mọ̀ jùlọ. Gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe epo bẹntiróòlù; kì í tán nítorí lílò. Bí ó bá dínkù, ó ń jò ni. Oníṣẹ́ tí ó bá ń wá fi gáàsì kún un lọ́dọọdún láìwá ibi tí ó ti ń jò kò tíì tún ẹ̀rọ náà ṣe. Kí a má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gáàsì ìdáná sínú ẹ̀rọ tí a kò ṣe fún un. Ó lè gbiná.

Ẹ̀rọ amúnáwá

Nígbà tí iná bá lọ, àwọn ìdílé kan a máa fi ẹ̀rọ amúnáwá gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Bí lítà epo kan bá jẹ́ ₦1,000, tí ẹ̀rọ kékeré sì mú yúnìtì 2 jáde láti inú rẹ̀, ₦500 ni yúnìtì kan, ó ju ìlọ́po méjì owó Band A lọ. Ewu tí ó tóbi jù ìyẹn ni èéfín rẹ̀. Májèlé inú èéfín náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ìdílé tí ó ti fèrèsé sùn. Kí ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí a má ṣe tan án sínú ilé rárá.

Ìdánwò mítà

Kí onílé má ṣe gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán. Kí ó ka iye yúnìtì tí ó kù nínú mítà nígbà tí ìdílé fẹ́ sùn, kí ó tún kà á nígbà tí wọ́n bá jí, kí ó sì kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òru mẹ́ta bí wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan tan iná sínú yàrá lálẹ́, kí ẹlòmíràn sì dúró síta. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kí wọ́n dí ihò wọ̀nyí, kí wọ́n fọ asẹ́, kí wọ́n tan fáànù, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ sí dígírì 25. Kí wọ́n tún ka mítà fún òru mẹ́ta mìíràn. Fìríìjì lè wà lórí iná ní gbogbo òru mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí pé ìyàtọ̀ ni a ń wá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú yàrá ìkàwé

1. Kí ni ó fà á tí omi àmù fi ń tutù ní òkè ọya ju ní etí ọ̀sà lọ?

2. Ìdílé kan ń lo yúnìtì 6 lóru. Lẹ́yìn tí wọ́n dí ihò yàrá wọn, ó di yúnìtì 4. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ ₦209.50, èló ni wọ́n fi pamọ́ ní ọgbọ̀n òru?

3. Nínú ẹrù mẹ́rin tí a kà sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí, èwo ni ẹnìkọ̀ọ̀kan lè mú kúrò nínú yàrá rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí láìná owó?